Ti Òjìji àti Ti Fèrèsé: Iṣẹ́ Yíya Àwòrán Ẹ̀rọ ní Ìkẹjà

Ẹ̀yin èwe tí ẹ ń yẹ iṣẹ́ wò bí ẹni ń yẹ bàtà wò lọ́jà, ẹ jókòó tì mí díẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín pé iṣẹ́ tí mo ṣe dùn ju gbogbo iṣẹ́ lọ. Mo kàn mọ̀ pé títí di òní, bí mo bá di ojú, mo ṣì ń rí àwọn ìlà náà, tín-ín-rín, dúdú, lórí bébà funfun, tí wọ́n ń rìn lọ bí èèrà. Ayàwòrán ẹ̀rọ ni mí. Kí wọ́n tó yọ́ irin, kí wọ́n tó gé páànù, kí ẹnikẹ́ni tó gbé òòlù, èmi ni mo kọ́kọ́ máa ń rí ẹ̀rọ náà níbi tí kò tíì sí.

Bí mo ṣe dé ibẹ̀ ò gba àlàyé púpọ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Agége ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Mo jáde nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi mú mi lọ sí ilé iṣẹ́ ayọ́rin kan ní Ìkẹjà, wọ́n sì gbà mí. Owó oṣù náà, ẹ má bi mí. Ó tó jẹ, kò tó fi ṣe fáàrí. Àsìkò tí àwọn ṣójà ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sí bárékè tí àwọn alágbádá gba ìjọba ni. Gbogbo ìlú ló ń lálàá nígbà náà. Rédíò ń sọ̀rọ̀ omi, ó ń sọ̀rọ̀ iná, ó ń sọ̀rọ̀ ilé ìwé, èmi náà sì ń lá tèmi níwájú tábìlì yíyà.

Ọ̀gá tí wọ́n fà mí lé lọ́wọ́ ni Ọ̀gá Fátùnbí, ọmọ Èkìtì, díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Dópẹ̀mú. Wọ́n ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀rín wọn sì ṣọ̀wọ́n ju bẹntiróòlù lọ lọ́jọ́ tí kò bá sí. Èmi nìkan lobìnrin ní yàrá àwòrán. Àwọn kan níta ń sọ pé ọkọ ni mo wá wá. Ọ̀gá kò bá wọn dá sí i. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n bi mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni pé, "Ṣé o ti fọ ọwọ́?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Lọ tún un fọ̀."

Ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Lọ́jọ́ kan, mo jẹ búrẹ́dì Agége tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ààrò, mo fi bọ́tà sí i, mo nu ọwọ́, mo sì padà sídìí iṣẹ́. Bí oòrùn ṣe gba ojú fèrèsé wọlé, ipa àtàǹpàkò mi hàn lára bébà náà, ó ń dán wínníwínní. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni. Ọ̀gá Fátùnbí ò bú mi. Wọ́n kàn gbé bébà náà sókè, wọ́n fà á ya sí méjì, wọ́n sì padà sí ìjókòó wọn. Mo sunkún dé ilé. Ìgbà mìíràn wọ́n á fi ìka tọ ìlà tí mo fà lọ, wọ́n á dúró lójú kan, wọ́n á ní, "Ìlà yìí sanra níbí. Oyún ló ní ni?"

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wọ̀ mí lára jù lọ, ife tíì ni wọ́n fi kọ́ mi. Wọ́n gbé e sórí tábìlì, wọ́n ní, "Etí ife yìí, apá ibo ló wà?"

Mo ní, "Apá ọ̀tún, sà."

"Ọ̀tún ta ni?"

Wọ́n yí lọ sí òdìkejì tábìlì. "Èmi náà ń wò ó. Ọ̀tún mi rèé. Etí ife ò sí níbẹ̀. Ta ló ń purọ́ nínú àwa méjèèjì?"

Ilé tí wọ́n ti kọ́ mi pé ọ̀tún là ń fi jẹun, òsì là ń fi ṣe ìdọ̀tí, ni mo ti wá. Kò tíì yé mi rí pé ọ̀tún lè yí padà bí èèyàn bá rìn yí tábìlì ká.

Wọ́n mú mi wọ inú yàrá tí a ń kó ẹrù sí, níbi tó ṣókùnkùn. Wọ́n gbé ife náà kalẹ̀, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti apá òsì. Òjìji rẹ̀ bọ́ sára ògiri lápá ọ̀tún. Wọ́n ní, "Ojú rẹ ni tọ́ọ̀ṣì yìí. Ògiri yẹn ni bébà. Ohun tí o bá rí láti òsì, ọ̀tún ni kí o yà á sí. Ohun tí o bá rí láti òkè, ìsàlẹ̀ ni kí o yà á sí. Òjìji kì í bọ́ sí ọ̀dọ̀ iná." Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ya gbogbo àwòrán ilé iṣẹ́ wa, a sì ń pè é ní ti òjìji.

Láti ọjọ́ yẹn ni orí mi ò ti dúró sójú kan mọ́. Bí mo bá ń rìn lọ sílé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin Agége nírọ̀lẹ́, àwọn ilé á máa ṣí sílẹ̀ níwájú mi bí páálí ìpara: ojú ilé níbí, ẹ̀gbẹ́ ilé lọ́hùn-ún, òrùlé nísàlẹ̀. Màá rí obìnrin tó gbé agbada àkàrà kaná, màá rí òun àti òkè gèlè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, níbi méjì. Ìyá mi á ní, "Sídíkátù, ṣé ara rẹ yá báyìí?" Inú mi á dùn débi pé ẹ̀rín ni màá fi dá wọn lóhùn. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin ọmọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni fẹ́ràn èèyàn.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà o. Nígbà tí àwòrán ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè wọlé, a rí i pé àwọn kan ò yà á bíi tiwa. Ọ̀gá mú mi lọ sójú fèrèsé onídígí yàrá àwòrán. Wọ́n fi ọdà funfun kọ bí igi máńgòrò tó wà níta ṣe rí sára dígí náà. "Àwọn yẹn ń yọjú ni. Wọ́n fi dígí sí àárín ojú wọn àti nǹkan, ohun tí wọ́n bá rí láti òsì, òsì náà ni wọ́n ń yà á sí." Ìyẹn là ń pè ní ti fèrèsé. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì. Èyí tó burú ni kí o máa ka ọ̀kan bí èkejì, nítorí ohun tó yẹ kó wà níwájú á bọ́ sẹ́yìn, irin á sì jáde ní òdì.

Kí èèyàn má baà ṣìnà, àmì kan máa ń wà ní igun bébà: ife tó dùbúlẹ̀, àti òrùka méjì, ọ̀kan nínú èkejì. Bí òrùka bá wà lọ́dọ̀ ẹnu ife, ti òjìji ni. Bó bá wà lọ́dọ̀ ìdí ife, ti fèrèsé ni. Àmì kékeré ni, kò tó èékánná. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò ó.

Ní ilé iṣẹ́ wa, bébà wa kì í lọ síta ní ìhòòhò. Wọ́n ti tẹ férémù sí gbogbo rẹ̀ láti ilé ìtẹ̀wé: orúkọ ilé iṣẹ́, àyè ìbuwọ́lù, àti àmì ife, ti òjìji. Àwòrán tó bá ti òkè òkun wá, a ó tún un yà sórí bébà tiwa kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀gá Fátùnbí máa ń sọ pé ọmọ tí a gbà tọ́ gbọ́dọ̀ wọ aṣọ ilé. Bó bá jẹ́ ti fèrèsé ni, wọ́n á ká àwòrán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nílẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sí òdìkejì kó lè bá àmì wa mu. Wọn kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe ìyẹn.

Ẹni tó ń gba bébà náà lọ́wọ́ wa ni Bàbá Ràímì, káfíńtà tó ń gbẹ́ àwòṣe igi. Àwòṣe yìí ni wọ́n máa ń tẹ̀ sínú iyanrìn kí wọ́n tó da irin yíyọ́ sínú ihò tó bá fi sílẹ̀. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi ni wọ́n, alásọ̀, aláwàdà. Wọ́n máa ń pe Ọ̀gá ní "Díákónì Onílà". Ọ̀gá náà á ní, "Ràímì, fi ẹnu sílẹ̀, gbẹ́ igi." Bí ọ̀rẹ́ wọn ṣe rí nìyẹn, ọjọ́ pípẹ́.

Àwọn alágbádá wá ṣe ìlérí omi. Ìjọba ìbílẹ̀ kan ní kí ilé iṣẹ́ wa bá àwọn ṣe ẹ̀rọ ìfami alápá, èyí tí èèyàn ń fi ọwọ́ fà lórí kànga. A gba àwòrán rẹ̀ láti òkè òkun, ti fèrèsé ni. Ọ̀gá Fátùnbí bá mi gbé àwòrán ẹ̀gbẹ́ ara ẹ̀rọ sí òdìkejì, wọ́n fún mi láti tún yà, àwọn fúnra wọn mú orí rẹ̀, níbi tí apá tí wọ́n ń fà máa ń jókòó sí, torí orí yẹn ló le jù. Alága ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ rí i kíá. Máníjà wa ò jókòó mọ́. Bó bá yá, á yọjú sí wa: "Baba, e never ready?" Iná ń lọ, iná ń bọ̀, ooru mú, òógùn ń kán sórí ọwọ́ Ọ̀gá, wọ́n ń fi áńkáṣíìfù nù ún kó má baà kan bébà. Máníjà tún yọjú. Ọ̀gá buwọ́ lù ú, wọ́n gbé e fún un.

Ọjọ́ tí a dán ẹ̀rọ náà wò, gbogbo ilé iṣẹ́ ló jáde sídìí kànga tó wà ní àgbàlá. Wọ́n ti to àwọn irin náà jọ, wọ́n kun wọ́n ní àwọ̀ ewé, wọ́n rẹwà. Máníjà ní òun lòun máa kọ́kọ́ fà á. Ó wọ bàtà aláwọ̀ tó ń dán. Ó di apá ẹ̀rọ mú, ó fà á, ó tún un fà. Omi tú jáde, gbàà, sórí bàtà rẹ̀.

A rẹ́rìn-ín kí á tó mọ̀ pé kò yẹ kí á rẹ́rìn-ín. Apá tó yẹ kó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ wà lókè ẹnu tí omi ń gbà jáde. Bóòtù mẹ́ta ló de orí mọ́ ara, kò sì sí bí a ṣe lè yí i tí yóò fi wọ̀. Gbogbo orí ẹ̀rọ tí a ti dà ló jáde ní òdì.

Máníjà kọjú sí Bàbá Ràímì. "Na this carpenter spoil am. Ó ka àwòrán sódì. Ẹ kó irinṣẹ́ yín, ẹ máa lọ sílé."

Bàbá Ràímì ò ṣe àwàdà kankan lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní, "Sà, bí mo ṣe rí i nínú bébà ni mo ṣe gbẹ́ ẹ." Iyàwó méjì ló wà nílé, àti ọmọ tó wà nílé ìwé gíga.

Ọ̀gá Fátùnbí ti wọlé lọ. Nígbà tí wọ́n jáde, bébà méjì ló wà lọ́wọ́ wọn, ti òkè òkun àti tiwa. Wọ́n tẹ́ wọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú gbogbo wa, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n wò wọ́n pẹ́. Mo rí i láti ibi tí mo dúró sí. Bákan náà làwòrán méjèèjì ṣe rí, àwòrán ẹ̀gbẹ́ ò kúrò níbi tó wà, bẹ́ẹ̀ àmì ti òjìji ló wà ní igun tiwa. Aṣọ ilé la wọ̀ fún un, ìrìn òkèèrè ló sì ń rìn. Ká ní wọ́n dákẹ́ ni, ta ni yóò mọ̀? Máníjà ò mọ àmì ife. Òótọ́ dọ́jà ó kùtà, wọ́n ní owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Ọ̀gá dìde. "Ẹ fi káfíńtà sílẹ̀. Ohun tí mo kọ ló kà. Ọwọ́ mi ló yà á."

Máníjà ní, "Baba, you sure?"

"Èmi ni mo yà á. Èmi ni kí ẹ lé."

Wọ́n sì lé wọn. Ẹ̀yin ọmọ, inú bí mi lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Inú bí mi sí Máníjà, ó bí mi sí alága, ó tiẹ̀ bí mi sí Ọ̀gá pàápàá pé wọ́n jẹ́ olóòótọ́. Wọ́n nu tábìlì wọn mọ́ tónítóní, wọ́n lọ láì bojú wẹ̀yìn.

Èmi ni wọ́n fi sí ìdí tábìlì náà nígbẹ̀yìn, ibẹ̀ ni mo sì wà títí irun mi fi funfun. Gègé tó ń jo tàdáwà kúrò nílẹ̀, èyí tí kì í jo dé. A kì í fi bíléèdì ha àṣìṣe kúrò lára bébà mọ́. Ẹ̀rọ tó ń tẹ àwòrán, tí òórùn rẹ̀ máa ń ta ni nímú bí ìtọ̀ ẹran, òun náà lọ. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà dé. Mo lọ sí Computer Village, àwọn ọmọ tí mo lè bí ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ọ̀kan ní, "Mummy, ẹ kàn tẹ ibí, ó máa yí i fún yín." Mo tẹ̀ ẹ́. Lóòótọ́, ẹ̀rọ tí mo yà yí lójú mi, ó ń yí lọ jẹ́jẹ́ nínú òkùnkùn aláwọ̀ búlúù, iwájú, ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ilé ṣe máa ń ṣí sílẹ̀ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Omi bọ́ lójú mi. Ọmọ náà rò pé iná kọ̀ǹpútà ló ń ta mí lójú. Àmì ife ṣì wà ní igun o, kọ̀ǹpútà ò lé e lọ. Ẹ máa wò ó.

Ṣùgbọ́n mi ò tíì sọ bí ọ̀rọ̀ Ọ̀gá ṣe rí, òun ló sì wà lọ́kàn mi látàárọ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n kúrò níbi iṣẹ́, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ra ní Dópẹ̀mú. Wọn ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Èmi àti Bàbá Ràímì lọ kí wọn, wọ́n jókòó sórí àga bí ẹni tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́ àwọn ní iṣẹ́, Ọ̀gá lé wọn. Wọ́n sọ fún wa pé, "Gbogbo ayé mi ni mo fi ń sọ fún èèyàn pé kí wọ́n má ṣe sọ iwájú di ẹ̀yìn. Mi ò tún ní fọwọ́ kan pẹ́ńsù mọ́ títí màá fi kú." Wọn ò pariwo. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí. Mo mọ̀ pé bí ọwọ́ yẹn bá dákẹ́, ẹni tó ni ín ò ní pẹ́ tẹ̀lé e.

Bàbá Ràímì lọ bẹ Máníjà pé kó fún àwọn ní ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ òdì náà kí wọ́n tó fọ́ wọn. Wọ́n gbé e ka orí kànga mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn ní Agége. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n ní kí n bá àwọn lọ mú Ọ̀gá. Wọ́n sọ fún Ọ̀gá pé ẹ̀rọ kan ń yọ àwọn lẹ́nu, kí wọ́n wá bá àwọn wò ó. Ọ̀gá ní àwọn ò lọ. Bí a ṣe ń dìde láti lọ, wọ́n ní, "Kí ló ń ṣe é?" Mo mọ̀ pé wọ́n á tẹ̀ lé wa.

Bí Ọ̀gá ṣe rí ẹ̀rọ aláwọ̀ ewé náà ni wọ́n dúró gbagidi. "Ràímì, kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Bàbá Ràímì fi ìka tọ́ka síwájú. Bàbá arúgbó kan ló ń bọ̀ níwájú wa, ọ̀pá lọ́wọ́. Ọwọ́ òsì wọn rọ, kò ṣeé gbé. Wọ́n fi ọ̀pá ti ògiri, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún fa apá ẹ̀rọ, omi sì dà sí wọn lẹ́sẹ̀ bó ṣe dà sí Máníjà. Wọ́n na ẹsẹ̀ kan sí i, wọ́n na èkejì sí i. Wọ́n ń ṣe àlùwàlá, kò sì sẹ́ni tó dúró tì wọ́n.

Ọ̀gá ò lè mú un mọ́ra. Wọ́n sún mọ́ bàbá náà, wọ́n ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, òdì ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ yìí. Omi ò yẹ kó dà sí ẹsẹ̀ ẹni tó ń fà á."

Bàbá arúgbó gbójú sókè. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Ẹni tó ṣe é mọ̀ pé mi ò lẹ́ni tó ń bomi fún mi."

Bàbá Ràímì ní, "Bàbá, ẹni tó yà á ló dúró níwájú yín yẹn."

Bàbá náà fi ọwọ́ tútù di ọwọ́ Ọ̀gá mú. "Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọwọ́ yìí ó rọ."

Díákónì wa ní, "Àmín." Omijé ń dà lójú wọn, wọn ò nù ún.

Nígbà tí bàbá arúgbó wọlé lọ, Ọ̀gá ò kúrò níbẹ̀. Wọ́n bọ́ bàtà wọn, wọ́n fa apá ẹ̀rọ, omi dà sí wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n tún un fà, wọ́n sì tẹ́tí sí i. Wọ́n ní, "Apá yìí ń gbọ̀n jìgìjìgì. Kò ní pẹ́ tó fi máa ṣẹ́. Sídí, pẹ́ńsù dà?"

Mo yọ ọ́ nínú gèlè mi. Wọ́n nu ọwọ́ sára ṣòkòtò wọn, wọ́n lóṣòó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán sára sìmẹ́ńtì kànga náà, ìlà tín-ín-rín, tí kò sanra níbì kankan. Wọ́n pe ìrun, gbogbo èèyàn wọlé, Ọ̀gá ò gbọ́. Mo fẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n pé kí á sún kúrò lọ́nà.

Bàbá Ràímì di ọwọ́ mi mú. "Fi wọ́n sílẹ̀, Sídí. Àwọn náà ń kírun."